Golf 3 1.8 ní Àbújá: ẹ́ńjìnnì 2.0 ni kí n gbé sí i, àbí VR6?

Ọmọ_Gwarinpa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ ọkọ̀. Golf 3 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì 1.8 onínọ́sù kan ṣoṣo (ohun kan péré ló ń fọ́n epo sínú rẹ̀), gíà ọlọ́wọ́, ó ní AC. Nínú ìlú kò sí wàhálà. Àmọ́ tí èèyàn márùn-ún bá jókòó sínú rẹ̀, tí ẹrù wà ní bọ́ọ̀tù, tí AC sì ń fẹ́, òkè ọ̀nà Lọ́kọ́ja máa ń mú un lágara, àfi kí n já gíà sí mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni àwọn èèyàn ń dárúkọ fún mi: 2.0 onífáàfù mẹ́jọ, 2.0 onífáàfù mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń pè ní ABF, àti VR6 onísìlíńdà mẹ́fà. Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa béèrè lọ́wọ́ mi yàtọ̀ sí owó ẹ́ńjìnnì gan-an? Kí ló sì sábà máa ń dà rú lẹ́yìn iṣẹ́ náà?

BàbáKugbo:
Àbúrò, kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ná. Ṣí bọ́ọ̀tù, gbé táyà àfipamọ́ sókè, wàá rí bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin níbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta wà lórí rẹ̀: AAM, ABS tàbí ADZ. AAM jẹ́ ẹṣin (agbára ẹ́ńjìnnì, horsepower) 75, ABS àti ADZ jẹ́ 90. Bí tìrẹ bá jẹ́ AAM, kò yà mí lẹ́nu pé òkè ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹnì kan tẹ tọ̀rótù mọ́lẹ̀ pátápátá, kí o wá kíìkì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le máa fún ọ ní báà 10 sí 13. Bí èyíkéyìí bá wálẹ̀ sí 7, tàbí tí ìyàtọ̀ àárín méjì bá ju báà 3 lọ, ẹ́ńjìnnì yẹn ti gbó. Ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ bá wà ní 11 tàbí 12, wo ibòmíràn kí o tó ná owó. Rọ́bà kan wà lábẹ́ ibi tí nọ́sù jókòó sí lórí mánífóòlù. Ooru máa ń là á, atẹ́gùn á máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, ọkọ̀ á wá máa fà bí ẹni tó rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló máa ń là, ojú kì í rí i láti òkè. Wo sàlẹ́ńsà náà: tí káta (ohun tó ń sẹ́ èéfín inú rẹ̀) bá ti dí, ẹṣin 174 pàápàá kò ní rí ọ̀nà gbà jáde.

VR_Jos:
Mo gba ọ̀rọ̀ Bàbá pé kí ó yẹ tiẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òǹkà sílẹ̀ kí gbogbo wa rí i. ABS jẹ́ ẹṣin 90, agbára fífà rẹ̀ 145 Nm. 2.0 onífáàfù mẹ́jọ jẹ́ ẹṣin 115, ó sì ń fa 166 Nm. ABF jẹ́ 150 àti 180 Nm. VR6 jẹ́ 174 àti 235 Nm. Ẹni tó ń wakọ̀ ní Jos, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó mítà 1,200, mọ̀ pé òkè lásán ń jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ẹ́ńjìnnì nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Àfikún ẹṣin 25 tí 2.0 fún ọ, òkè á gba díẹ̀ nínú rẹ̀, AC á gba díẹ̀, kí ló kù? VR6 ni màá gbé sí i. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ra odindi ọkọ̀ tó ti ní ìjàǹbá, tàbí ọkọ̀ tí wọ́n gé iwájú rẹ̀ wá. Kò gbọdọ̀ ra ẹ́ńjìnnì nìkan.

GíàKaduna:
Ẹ ṣeun, VR_Jos, ẹ̀yin náà ti dáhùn apá kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹ́ńjìnnì nìkan kò fi ní tó. Gíà bọ́ọ̀sì tó wà nínú Golf yẹn ni wọ́n ń pè ní 020, irin ọ̀pá ló fi ń yí gíà. VR6 ń lo 02A, wáyà ni tiẹ̀ fi ń yí gíà, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì ń fi ọ́ìlì tẹ̀. Nítorí náà wàá pààrọ̀ pẹ́dààlì, másítà kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ gíà àti wáyà méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni 02A tó wà lára ẹ́ńjìnnì mẹ́rin sìlíńdà kò ní wọ VR6, torí ihò bóòtù ibi tí gíà ti dì mọ́ ẹ́ńjìnnì yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti ra 02A ti ABF fún VR6, tí wọ́n wá gbé e padà sí Panteka lọ pààrọ̀. Lórí èyí tún wà àgbéléró iwájú (irin tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé), síìtì ẹ́ńjìnnì, ṣáàfùtì, rédíétọ̀, sàlẹ́ńsà àti sípíríǹgì iwájú tó lè gbé ìwúwo rẹ̀.

Àbúrò, 2.0 onífáàfù mẹ́jọ ni ìmọ̀ràn tèmi. Ìdílé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú 1.8 rẹ, gíà 020 tìrẹ á dì mọ́ ọn láìsí ìjà, síìtì ẹ́ńjìnnì á wọ̀ ọ́. Golf 3 ni wọ́n ń fi ṣe táksí láti Kàdúná dé Zaria, nítorí náà ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni kí o kíyè sí nínú 020. Rífẹ́ẹ̀tì ló di oruka ńlá mọ́ dífẹ́ńṣọ̀, kì í ṣe bóòtù. Tí ẹni tó ń wakọ̀ bá ń gbé kílọ́ọ̀ṣì lójijì, tí táyà ń yí lófìfo, rífẹ́ẹ̀tì á já, orí rẹ̀ á sì lu ihò sí ara gíà bọ́ọ̀sì. Tú ọ́ìlì gíà dànù kí o tó gbé e padà. Eruku irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára máginẹ́ẹ̀tì kò burú, ṣùgbọ́n tí o bá rí ègé irin tó ní ojú, má gbé gíà yẹn sí 2.0. Lítà 2 ọ́ìlì 75W-90 ló ń gbà.

Àdùkẹ́_Lugbe:
Ẹ̀gbọ́n GíàKaduna, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní àwọn 2.0 kan ga ju àwọn mìíràn lọ. Ṣé èyí kò ní dí wa lọ́wọ́ ní ibi sàlẹ́ńsà àti bẹ́ẹ̀tì? Àti búrákẹ́ẹ̀tì AC àti ti páwà sítíà, ṣé ti 1.8 á wọ̀ ọ́n?

GíàKaduna:
Ìbéèrè gidi ni, àbúrò mi obìnrin. Búlọ́ọ̀kù wọn jẹ́ oríṣi méjì: èyí tó ga tó mílímítà 220, bíi ti 1.8, àti èyí tó ga tó 236, bíi ti ABF àti ABA ti Amẹ́ríkà. Mílímítà 16 yẹn tó láti mú kí táímìn bẹ́ẹ̀tì ti 1.8 kúrú jù, tí páìpù sàlẹ́ńsà ìsàlẹ̀ náà kò sì ní bá ojú ihò mu. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá fara kan gíga ẹ́ńjìnnì, lo èyí tó bá ẹ́ńjìnnì náà wá: bẹ́ẹ̀tì, kọ́fà bẹ́ẹ̀tì, páìpù sàlẹ́ńsà. Fi rúlà wọn búlọ́ọ̀kù láti ojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà dé àárín kirańkì, kí o tó ra bẹ́ẹ̀tì. Búrákẹ́ẹ̀tì AC àti ti páwà sítíà, lo èyí tó wà lára 2.0, kí o wá tú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tìrẹ sí orí rẹ̀.

BàbáKugbo:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: tí ẹ bá ń tú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC, ẹ má ṣí páìpù rẹ̀. Bóòtù tó dì í mọ́ búrákẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ tú, kí ẹ fi okùn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú páìpù rẹ̀ lára. Gáàsì á wà nínú ilé rẹ̀, ẹ kò ní san owó gáàsì tuntun.

RewáyàÀpó:
Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ irin. Wáyà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí máa ń kú sí, tí ọkọ̀ á wà lórí búlọ́ọ̀kù ní Àpó fún oṣù mẹ́ta.

1.8 onínọ́sù kan yàtọ̀ pátápátá sí 2.0 onínọ́sù mẹ́rin. Bíréènì bọ́ọ̀sì rẹ (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) kò lè darí rẹ̀. Kí o tó sanwó, àwọn nǹkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ jáde láti ara ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì: bíréènì bọ́ọ̀sì, wáyà ẹ́ńjìnnì tí wọn kò gé, ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, kọ́ìlì àti ohun tó ń darí rẹ̀. Nínú àwọn 2.0 onífáàfù mẹ́jọ, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 2E ń lo irú bíréènì bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Digifant. ADY àti AGG ń lo Simos. Wáyà ti èkínní kò bá èkejì mu, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé ẹ̀yà kan náà ni.

Láti nǹkan bí ọdún 1995 ni Golf 3 ti ní àpótí tó ń dá olè dúró. Tí bíréènì bọ́ọ̀sì bá wá láti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wàá kíìkì, yóò jí fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, á sì kú. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á máa wá àìsàn sí pọ́ǹpù epo. Kì í ṣe pọ́ǹpù. Gba kọ́kọ́rọ́ tó bá ọkọ̀ náà wá, gba òrùka wáyà tó yí ibi kọ́kọ́rọ́ ká, gba àpótí kékeré náà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, wàá gbé wọn sínú Golf rẹ bí wọ́n ṣe wà. Tí kò bá pé, wá bíréènì bọ́ọ̀sì tí kò ní irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Ìkejì, wáyà ilẹ̀. Èyí tó nípọn láti gíà bọ́ọ̀sì lọ sí ara ọkọ̀ máa ń gbàgbé sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń di ẹ́ńjìnnì padà. Tí o bá wá kíìkì, iná sítátà á wá ọ̀nà mìíràn, wáyà kílọ́ọ̀ṣì tàbí wáyà tọ̀rótù ló máa gbà. Á gbóná títí á fi yọ́ mọ́ inú páìpù rẹ̀. Tí o bá rí wáyà tọ̀rótù tí ó ń rú èéfín nígbà kíkìkì, má wá ibòmíràn. Fi sáńpépà ha ojú irin ibi tó jókòó sí títí yóò fi tàn, kí o tó di bóòtù rẹ̀.

Ìkẹta, ohun tó ń gbọ́ nọ́ọ̀kì nínú búlọ́ọ̀kù: 20 Nm ni wọ́n ń di í, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi agbára apá di í yóò mú un gbọ́ràn sódì, bíréènì bọ́ọ̀sì á sì máa fa iná sẹ́yìn, agbára tí o sanwó fún á sọnù.

Ọmọ_Gwarinpa:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo yẹ ìwé bọ́ọ̀tù: ABS ni. Kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n jẹ́ 11.5, 11, 11.5, 11. Rọ́bà abẹ́ nọ́sù ti là, mo sì ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n òkè ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu tí ẹrù bá wà nínú rẹ̀. 2.0 ni mo pinnu sí. Kí ni ti pọ́ǹpù epo, rédíétọ̀ àti búréèkì?

BàbáKugbo:
Pọ́ǹpù: ti onínọ́sù kan ń ti epo ní nǹkan bíi báà 1. Onínọ́sù mẹ́rin ń fẹ́ nǹkan bíi 3. Wọ́n jọra lójú nínú tánkì, àìjọra wọn kò hàn àfi lójú gẹ́jì. Tí o bá fi ti àtijọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ á jí, á dúró dáadáa, ṣùgbọ́n tí o bá tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ọ̀nà Kubwa, á máa jálẹ̀, púlọ́ọ̀gì á máa funfun. Ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ kò tó ń jó písítìn. Nítorí náà, pọ́ǹpù onínọ́sù mẹ́rin àti fílítà tuntun, kí o so gẹ́jì mọ́ ọn kí o tó gbé ọkọ̀ jáde.

Rédíétọ̀: tí ti ọkọ̀ rẹ bá ti ní AC, ó tóbi tó fún 2.0, bí ojú ihò rẹ̀ bá ṣí. Ohun tó ń pa ọkọ̀ ní àríwá yìí nínú oṣù kẹta àti ìkẹrin ni kí mẹkáníìkì yọ tẹmósítáàtì dànù. Wọ́n ní kí omi lè máa ṣàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì á tutù jù lórí ọ̀nà gbọọrọ, bíréènì bọ́ọ̀sì á rò pé àárọ̀ ni, á máa da epo sínú rẹ̀, ọ́ìlì á fúyẹ́. Fi tuntun sí i. Fáànù gbọ́dọ̀ dá wọlé fúnra rẹ̀ ní nǹkan bíi 92 sí 97 ní ìpele kìíní, kí ìpele kejì tẹ̀lé e nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100. Ẹ má so ó mọ́ swíìṣì inú ọkọ̀ tàbí mọ́ kọ́kọ́rọ́ kí ó máa yí láìdúró, nítorí ọjọ́ tí fáànù yẹn bá jó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí omi á fi hó.

Omi rédíétọ̀ aláwọ̀ búlúù àti ti pupa kì í jọ gbé. Tí wọ́n bá pàdé, á dà bí ẹrẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀, á dí híítà àti rédíétọ̀. Fi omi lásán fọ gbogbo rẹ̀ títí á fi mọ́, kí o tó yan ọ̀kan.

VR_Jos:
Lórí búréèkì, dísìkì tí kò ní ihò afẹ́fẹ́, 239 mm, ló wà níwájú ọ̀pọ̀ 1.8. Ti 2.0 ni 256 mm, nípọn 20 mm, ihò afẹ́fẹ́ sì wà láàárín rẹ̀. Gba òun àti káríà pẹ̀lú kálípà rẹ̀ láti ara ọkọ̀ kan náà, bóòtù mẹ́rin náà ni, rímù rẹ á wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ tó bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè pẹ̀lú èèyàn márùn-ún, búréèkì ló yẹ kó kọ́kọ́ pààrọ̀. DOT 4 ni omi rẹ̀. Ẹ̀yìn apá ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn apá òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Àti pé, mi ò yí ọkàn padà lórí VR6 fún ẹni tó bá rí odindi ọkọ̀ rà. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ṣéènì ni táímìn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ gíà ló wà, ẹ kò lè dé ibẹ̀ láìyọ gíà sílẹ̀. Pààrọ̀ ṣéènì, àwọn tí ń tì í àti páìpù omi oníke tó gba iwájú rẹ̀ kọjá, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì wà nílẹ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ sún mọ́ lítà 5 àti ààbọ̀, kì í ṣe mẹ́rin.

Àdùkẹ́_Lugbe:
Tí a bá dé ibi títà tokunbo, báwo ni a ṣe máa mọ èyí tó dára tí wọn kò lè jí i níbẹ̀?

BàbáKugbo:
Yí kirańkì rẹ̀ pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyípo méjì gbáko. Tí ó bá dúró níbì kan, fi sílẹ̀. Tú púlọ́ọ̀gì, tan iná sínú ihò: èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ láìsí púlọ́ọ̀gì nínú òjò máa ń ní ìpáta, ríǹgì rẹ̀ ti lẹ̀. Ṣí ìdérí ọ́ìlì, wo inú rẹ̀. Bí ohun funfun bíi mílíìkì bá wà níbẹ̀, omi ti wọ ọ́ìlì. Wo ojú ihò omi fún ìpáta pupa, torí ẹni tó ń lo omi kànga lásán ti jẹ tọ́ọ̀pù sìlíńdà náà. Nọ́mbà ẹ́ńjìnnì wà lára búlọ́ọ̀kù lábẹ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Tí wọ́n bá ti fi fáìlì ha á, má rà á ní iye kankan. Ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì wà nílẹ̀, nítorí lẹ́yìn tí a bá gbé e wọlé, kò rọrùn fún ojú láti kà á. Gba rìsíìtì tí nọ́mbà náà wà lórí rẹ̀. Fi í ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, kó o sì lọ pààrọ̀ nọ́mbà ẹ́ńjìnnì nínú ìwé ọkọ̀. Tí VIO bá dá ọ dúró, nọ́mbà ìwé àti nọ́mbà ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bára mu.

Táímìn bẹ́ẹ̀tì, ọmọ tó ń fà á, ṣíìlì iwájú àti ẹ̀yìn, kílọ́ọ̀ṣì: gbogbo rẹ̀ tuntun kí ẹ́ńjìnnì tó wọlé. Owó iṣẹ́ wọn kò tó nǹkan lónìí, nítorí ẹ́ńjìnnì wà níta.

GíàKaduna:
Lórí kílọ́ọ̀ṣì, 020 kò dà bí ọkọ̀ mìíràn. Pírẹ́ṣọ̀ pẹ́lẹ́ẹ̀tì ló dì mọ́ kirańkì, fúláwíìlì ló wá lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á máa wá ibi tí yóò dì í sí. Bóòtù kirańkì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kó tú. Ọ̀pá kan gba inú gíà kọjá láti ìdí rẹ̀: yọ ọ́, nu ún, fi gíríìsì díẹ̀ sí i, kí ó lè máa tì í láìhá.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé e wọlé, ẹ yọ bọ́ńpà àti gbogbo iwájú ọkọ̀ tí rédíétọ̀ dúró lé kúrò lápapọ̀. Ẹ máa rọra tì í wọlé láti iwájú, kò ní jẹ́ kí ẹ fọ́ rédíétọ̀. Ẹ má tí ì fún bóòtù síìtì ẹ́ńjìnnì pa. Ẹ mi ẹ́ńjìnnì síwá sẹ́yìn kó jókòó sí ibi tó fẹ́, kí ẹ tó fún un. Bóòtù ṣáàfùtì M8, 45 Nm. Wọn kì í sì í ṣe bóòtù onígun mẹ́fà, ẹ wá bíìtì onígun méjìlá fún un. Ẹ wọn fáláńjì ṣáàfùtì pẹ̀lú: 90 mm kò ní wọ 100 mm.

Kí ẹ tó jí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì, kí ẹ kíìkì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ sinmi díẹ̀ láàárín, títí iná ọ́ìlì á fi kú. Tí ó bá kọ̀ láti kú lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, pọ́ǹpù ọ́ìlì kò tíì mu. Ẹ yọ ìpín-iná (distributor, èyí tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì), ẹ fi dríìlì yí pọ́ǹpù náà láti inú ihò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá ìpín-iná padà, ẹ rí i pé ọmọ inú rẹ̀ kọjú sí àmì sìlíńdà kìíní. Tí ó bá sá síbòmíràn pẹ̀lú eyín kan péré, ọkọ̀ á jí, ṣùgbọ́n kò ní lágbára.

Ọmọ_Gwarinpa:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àánú mi. Ẹnì kan ní Àpó ní ADY tó ní gbogbo wáyà àti bíréènì bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí. Ó ní òun á bá mi dín owó kù. Ṣé kí n mú un?

RewáyàÀpó:
Má tíì mú un. Béèrè àpótí kékeré náà ná, kó o sì ya fọ́tò nọ́mbà tó wà lẹ́yìn bíréènì bọ́ọ̀sì, fi sí ibí. Tí a bá rí i pé ó nílò kọ́kọ́rọ́, kò sí ẹ̀dínwó tó máa kájú iye ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ á fi jókòó. AGG tí gbogbo ẹ̀ pé ni kí o dúró dè.